Ṣé dandan ni kí gbogbo wa gba ọ̀nà kan náà? Ìmọ̀ràn lórí iṣẹ́, owó àti irú ìgbé ayé tí a fẹ́

Akọ̀wé_Ìṣirò:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀wò, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Láti kékeré ni wọ́n ti la ọ̀nà kan sílẹ̀ fún èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi: kí a kàwé, kí a gba ìwé ẹ̀rí, kí a wá iṣẹ́ olówó oṣù, kí a ṣe ìgbéyàwó, kí a ní ilé tiwa, kí a sì máa gba ìgbéga títí a ó fi dàgbà tó ẹni tí ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Mo ti tọ ọ̀nà náà dé ibi tí mo dé yìí, n kò sì lè sọ pé ó ṣe mí ní ibi. Owó oṣù mi ń wọlé déédéé, ara mi le, mo sì ń ran àwọn òbí mi lọ́wọ́.

Ohun tí ó gbé ìbéèrè yìí dìde ni pé wọ́n fi ìwé ìgbéga lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ kí n di olórí ẹ̀ka wa, owó oṣù mi yóò sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ ni ó ń kí mi kú oríire. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń wo ọ̀gá tí wọ́n ní kí n rọ́pò. Bí a bá jọ jókòó jẹun ọ̀sán, yóò gbé fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwo, yóò kọ ojú rẹ̀ sókè, bí iná rẹ̀ bá sì ti tàn, ṣíbí yóò dúró sí agbedeméjì àwo àti ẹnu títí yóò fi ka ohun tí wọ́n kọ sí i tán. Kì í ṣe ènìyàn búburú rárá, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àwa tí a wà lábẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbé ayé tí mo rí nínú ipò rẹ̀ kò wù mí, n kò sì rí ìdí tí mo fi fẹ́ gba ipò náà ju pé òun ni ó kàn.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ bóyá àárẹ̀ lásán ni ó ń bá òun jà tàbí pé ọ̀nà náà ni kò bá òun mu? Èló ni owó tí ó tó kí ènìyàn tó lè dín iṣẹ́ kù láìfi ara rẹ̀ àti àwọn tí ó gbójú lé e sínú ewu? Báwo sì ni mo ṣe lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òbí tí wọ́n fi ìgbádùn du ara wọn kí n lè kàwé, tí wọn kò fi ní í rò pé mo sọ làálàá wọn di asán?

Olùkọ́_Ìtàn:

Àbúrò mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni ó ń béèrè irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà tí ẹ ń sọ yìí kò pẹ́ láyé, ènìyàn bíi tiwa ni ó là á, wọ́n sì ń tún un là bí ìgbà ṣe ń yí.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ a máa ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́, nígbà mìíràn a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Robert Owen, tí òun fúnra rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ òwú, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í polongo ní nǹkan bí ọdún 1817 pé kí wọ́n pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: wákàtí 8 fún iṣẹ́, wákàtí 8 fún fàájì, wákàtí 8 fún ìsinmi. Ó gba ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, pẹ̀lú ìyanṣẹ́lódì àti ìjà àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó di àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Ọdún 1919 ni Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ fi ẹnu kò nínú àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 8 lójúmọ́ àti wákàtí 48 lọ́sẹ̀ lọ. Ọdún 1926 ni Henry Ford, tí ó ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Amẹ́ríkà, dín ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kù sí márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí ó sì sọ ní gbangba ni pé ẹni tí ó bá ní àyè ni yóò ní ìlò fún ọjà tí wọ́n ń tà. Owó ìfẹ̀yìntì pẹ̀lú ní ọjọ́ ìbí tirẹ̀: lábẹ́ ìjọba Otto von Bismarck ní Jámánì, òfin ọdún 1889 ni ó dá owó ìfẹ̀yìntì arúgbó sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì pé ẹni 70 ọdún ni ó tọ́ sí. Ó di ọdún 1916 kí wọ́n tó sọ ọ́ di 65. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé bí ayé ṣe wà láti ìpilẹ̀ nìyí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún díẹ̀ ni.

Ẹnìkan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Ní ọdún 1930, John Maynard Keynes, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti gòkè àgbà yóò ti pọ̀ sí i lọ́nà mẹ́rin sí mẹ́jọ, tí iṣẹ́ wákàtí 15 lọ́sẹ̀ yóò sì tó ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa ọrọ̀ ṣẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Èyí tí ó sọ nípa wákàtí kò ṣẹ rárá. Mo gbà pé ìdí rẹ̀ wà nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, pé oríṣi àìní méjì ni ọmọ ènìyàn ní: èyí tí a ní yálà àwọn ẹlòmíràn ní tiwọn tàbí wọn kò ní, àti èyí tí a ní kìkì nítorí pé a fẹ́ kí ipò wa ga ju ti ẹlòmíràn lọ. Ti àkọ́kọ́ ní ibi tí ó lè tó sí. Ti èkejì kò ní, nítorí pé bí ẹ ṣe ń gòkè ni ẹni tí ẹ ń wò náà ń gòkè. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí owó oṣù tuntun yẹn yóò bá yín ṣe sílẹ̀, kí ẹ sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan èwo nínú méjèèjì ni.

Oníṣirò_Owó:

Ìbéèrè kejì yín ni n ó dì mú, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi ìmọ̀lára dáhùn, nígbà tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ni ó ní ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá iye tí wákàtí yín ń mú wọlé gan-an. Àpẹẹrẹ lásán ni n ó lò, kí ẹ fi iye tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní 400 ni ó ń wọ ọwọ́ yín lọ́sẹ̀ lẹ́yìn owó-orí, fún wákàtí 40. Lójú ìwé, wákàtí kan jẹ́ 10. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń ná yín: owó ọkọ̀, aṣọ iṣẹ́, oúnjẹ tí ẹ ń rà nítorí pé kò sí àyè láti sè. Ká ní ìyẹn jẹ́ 50, ó ku 350. Kí ẹ wá fi wákàtí tí ẹ ń lò lójú ọ̀nà kún un, àti èyí tí ẹ fi ń dá àwọn ènìyàn lóhùn ní alẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá di 55, wákàtí kan kò ju 6.4 lọ. Ẹ ṣe bákan náà fún ipò tuntun. Bí owó bá di 530, tí ìnáwó iṣẹ́ di 80, tí wákàtí sì di 75, ó ku 450 fún wákàtí 75, èyí tí í ṣe 6 géérégé. A jẹ́ pé wọ́n gbé yín ga, iye tí wákàtí yín kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé sì wálẹ̀. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ nínú ìṣirò tiyín, ó sì lè jẹ́ pé owó àpapọ̀ náà ni ẹ nílò láìka wákàtí sí, bí ẹni tí ó ní gbèsè láti san. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ní ti owó tí ó tó, ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. William Bengen, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1994, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ní Yunifásítì Trinity ní Texas sì tún un yẹ̀ wò ní ọdún 1998. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá fi owó rẹ̀ sínú ìpín ìdókòwò àti owó ìyálò fún ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́, tí ó ná ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó sì ń fi kìkì iye tí ọjà fi gbówó lórí kún un lọ́dọọdún, owó náà sábà máa ń tó ọgbọ̀n ọdún. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ìlọ́po 25 ohun tí ẹ ń ná lọ́dún ni ó tó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ di òfin. Inú ìtàn ọjà Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe ìṣirò náà, fún ẹni tí ó ti dàgbà tí ó sì ń wo ọgbọ̀n ọdún níwájú. Ẹni 40 ọdún lè ní 50 ọdún níwájú, ẹni tí ó sì wà níbi tí ọ̀wọ́n-gógó ti ń jà nílò ààlà tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi a máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn láti ronú nípa ìlọ́po 30 ó kéré tán.

Iye ọdún tí yóò gbà kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ bí owó oṣù yín ṣe tóbi tó. Ìpín tí ẹ ń fi pamọ́ nínú rẹ̀ ni ó jù. Bí owó yín bá ń jèrè ìdá 5 nínú 100 lọ́dún lẹ́yìn tí a ti yọ ọ̀wọ́n-gógó kúrò, ẹni tí ó bá ń pa ìdá 10 nínú 100 owó tí ń wọlé fún un mọ́ yóò lo nǹkan bí ọdún 51 kí ó tó ní ìlọ́po 25. Ẹni tí ó ń pa ìdá 25 mọ́ yóò lo nǹkan bí 32. Ẹni tí ó ń pa ìdajì mọ́, nǹkan bí 17. Ẹni tí ó ń pa púpọ̀ mọ́ ń ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: owó rẹ̀ ń pọ̀, ìgbé ayé tí owó náà yóò gbọ́ bùkátà rẹ̀ sì kéré. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí a kàn tò jọ láìfi ṣòwò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ fi iye ọ̀wọ́n-gógó pín 72, ẹ ó rí iye ọdún tí iye owó ọjà yóò fi di ìlọ́po méjì: bí ó bá jẹ́ ìdá 10 lọ́dún, kò ju nǹkan bí ọdún méje lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àfi kí ó dé ìlọ́po 25 yẹn kí owó tó wúlò fún un. Owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tí ó wà nílẹ̀ ti tó fún ènìyàn láti sọ pé rárá sí ìwọ̀sí. Ti ọdún kan tó láti wá iṣẹ́ mìíràn láìkánjú. Ẹni tí ó bá ní ìdajì ohun tí ó nílò lè jẹ́ kí ó máa dàgbà, kí ó sì máa ṣe ìdajì iṣẹ́. Mo ka àwọn ìpele àárín wọ̀nyí sí ju òpin rẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lè dé ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ìhà kejì, nítorí mo rí i pé a ti fẹ́ gbà báyìí pé ẹni tí ó bá kọ ìgbéga ni ó gbọ́n jù. Mo ti pẹ́ lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn, òru ni mo sì sábà máa ń ṣe. Iṣẹ́ náà a máa rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n kò sú mi. Bí aláìsàn tí kò lè dá jókòó tẹ́lẹ̀ bá di ògiri mú, tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, tí ó wá yíjú padà láti mọ̀ bóyá mo ń wò ó, n kò mọ owó tí ènìyàn lè fi ra ìṣẹ́jú yẹn lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, ó sì tún jẹ́ oògùn fún ohun mìíràn tí kì í ṣe ìṣẹ́. Marie Jahoda, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ènìyàn láwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Marienthal, abúlé kan ní Austria tí ilé-iṣẹ́ aṣọ ibẹ̀ ti kógbá sílé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1933. Àyè wá ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé náà ju ti ìgbàkígbà rí lọ, síbẹ̀ ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé-ìkàwé dín kù, kódà ìrìn ẹsẹ̀ wọn lójú pópó fà. Mo mọ̀ pé ẹni tí wọ́n já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sílẹ̀, ìyà ebi sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó dá yín lójú ohun tí yóò máa jí yín ní òwúrọ̀, ẹni tí ẹ ó máa bá pàdé, àti ẹni tí yóò mọ̀ bí ẹ kò bá wá, kí ẹ tó sọ pé àyè ni ẹ fẹ́.

Ní ti àárẹ̀: ẹ gba ìsinmi tí ó tọ́ sí yín, kí ẹ pa fóònù iṣẹ́. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, oorun ni ara yóò máa gbà. Ẹ má ṣe ìpinnu kankan nígbà náà. Lẹ́yìn tí oorun bá ti tó, ẹ wo ibi tí ọkàn yín ń fà sí. Bí ó bá jẹ́ pé bí ẹ ó ṣe tún iṣẹ́ náà ṣe ni ẹ tún ń rò, àárẹ̀ ni. Bí àyà yín bá ń já bí ọjọ́ ìpadà ṣe ń súnmọ́lé, ẹ kọ orúkọ ohun tí ó ń já a sílẹ̀, yálà ẹnìkan ni, tàbí iye wákàtí, tàbí iṣẹ́ náà gan-an, nítorí pé ọ̀nà àbáyọ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ máa ń fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, tí kò kan iṣẹ́ rárá, kò bá dùn mọ́ yín mọ́, ẹ rí dókítà kí ẹ tó kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀.

Lórí wákàtí, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ fi hàn pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 jù. Bí ipò tuntun yẹn yóò bá mú yín kọjá ibẹ̀, ara yín wà lára ohun tí wọ́n ń rà.

Akọ̀wé_Ìṣirò:

Ẹ ṣeun gidigidi, Ọlọ́run yóò bùsí ìmọ̀ yín. Mo ṣe ìṣirò wákàtí náà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é, ó sì wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ìwé tí Olùkọ́ wa ní kí n kọ. Ohun tí ó tóbi jù tí mo fẹ́ fi owó tuntun ṣe ni kí n pààrọ̀ ọkọ̀ mi, ọkọ̀ mi kò sì bàjẹ́. Ohun tí n kò sì fẹ́ dín kù rárá, kódà bí owó mi bá kéré sí i, ni ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò mi.

Oníṣẹ́_Igi:

Èmi fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, mo sì ń kan tábìlì àti àga báyìí, inú mi sì dùn sí i. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tí ó kúrò kì í sábà sọ. Àìní owó oṣù nìkan kọ́ ni ìṣòro; àìmọ̀ ọjọ́ tí owó yóò dé le ju kíkéré rẹ̀ lọ. Oníbàárà a máa jẹ ènìyàn ní gbèsè, a sì máa fi ẹ̀rín músẹ́ bẹ̀ ọ́ títí oṣù yóò fi parí. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ fẹ́ràn gan-an yóò yí padà lójú yín lọ́jọ́ tí ó bá di ohun tí ó gbọ́dọ̀ san owó ilé, nítorí pé ẹ ó máa ṣe èyí tí ó wu ẹni tí ó ń sanwó, kì í ṣe èyí tí ó wù yín. Ìbéèrè kan tún wà tí yóò máa dé ní gbogbo òde tí ẹ bá lọ, pé kí ni iṣẹ́ yín. Nígbà tí mo ní orúkọ ipò lẹ́nu, ìdáhùn mi kò ju gbólóhùn kan lọ, wọ́n a sì yẹ́ mi sí. Ó gba àkókò kí ara mi tó mọ́ ojú tí àwọn ènìyàn kan fi ń wò mí báyìí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dán an wò ní kékeré nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. Ẹ má tíì kéde rẹ̀ fún ayé. Ẹ tà á fún àjèjì, kì í ṣe fún ọ̀rẹ́, kí ẹ sì wò bóyá yóò padà wá.

Ìyá_Ọlọ́mọ:

Ọmọ mi, ẹnu òbí ni n ó fi dáhùn ìbéèrè kẹta. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá sọ fún mi pé òun kò fẹ́ ipò tí gbogbo wa ti ń gbàdúrà fún, kì í ṣe ojú ayé ni mo kọ́kọ́ rò. Ẹ̀rù ni ó bà mí. Àwa tí a dàgbà nígbà tí àìsàn kan ṣoṣo lè fọ́ ilé a máa rí owó oṣù bí odi tí ó yí ọmọ wa ká, bí ọmọ bá sì sọ pé òun fẹ́ wó odi náà, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú wa ń lọ. Nítorí náà, ẹ má bá wọn jiyàn lórí bí ayé ṣe yẹ kó rí. Ẹ gbé ìṣirò yín sílẹ̀ níwájú wọn, ẹ fi iye tí ó wà nílẹ̀ hàn wọ́n, ẹ sọ ohun tí ẹ ó ṣe bí àìsàn bá dé àti bí ìrànlọ́wọ́ tí ẹ ń ṣe kò ṣe ní í dúró. Ohun tí ó mú ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tètè lọ bá wọn, kí ọ̀rọ̀ tó di òpin, kí wọ́n lè rí i pé ìmọ̀ràn ni ẹ wá gbà. Kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn náà ìbá ti ṣe ká ní àyè wà. Ọmọ mi bi mí ní ìbéèrè yẹn, kò sì sí ẹni tí ó ti bi mí rí. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán. A sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ju bí a ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ lọ, kò sì sí ibi kankan nínú ọ̀rọ̀ wa tí mo ti rò pé ó ń fi làálàá mi ṣòfò.

Ẹ̀ka_Ìgbanisíṣẹ́:

Iṣẹ́ mi ni láti máa fúnni ní irú ìwé tí ẹ gbà yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá nìkan ni ìdáhùn rẹ̀. Ní Iceland, láti ọdún 2015 sí 2019, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 2,500 dán iṣẹ́ wákàtí 35 tàbí 36 lọ́sẹ̀ wò láìdín owó wọn kù, iṣẹ́ kò sì bàjẹ́ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ 61 dán ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ wò fún oṣù mẹ́fà, 56 nínú wọn sì ní àwọn yóò máa bá a lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fúnra wọn yàn láti dán an wò ni o, nítorí náà ẹ má retí pé gbogbo ọ̀gá ni yóò gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọlé lọ bá ọ̀gá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ sọ apá iṣẹ́ náà tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù, ẹ dábàá pé kí ó jẹ́ tiyín pátápátá, kí àkóso àwọn ènìyàn sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì jọ sọ ohun tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó yọrí sí rere. Ọ̀gá kì í fẹ́ràn ohun tí kò ní òpin, ṣùgbọ́n ó lè gba ohun tí ó lè dá padà.

Akọ̀wé_Ìṣirò:

Ọ̀nà tí ẹ là yìí wù mí. N ó dá wọn lóhùn pé n kò ní gba ipò olórí, ṣùgbọ́n n ó gba àyẹ̀wò ìwé owó gbogbo ẹ̀ka, tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe tí n kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú, n ó sì béèrè fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ pẹ̀lú owó tí ó bá a mu. N ó kọ́kọ́ lọ rí àwọn òbí mi. Ṣé ohun kan wà tí mo gbàgbé kí n tó kọ lẹ́tà náà?

Oníṣirò_Owó:

Ó ku ẹyọ kan. Bí ọjọ́ iṣẹ́ yín bá dín kù, ó ṣeé ṣe kí owó tí ilé-iṣẹ́ ń dá sí àpò ìfẹ̀yìntì yín dín kù pẹ̀lú, ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń san fún yín sì lè yí padà, nítorí pé níbòmíràn òṣìṣẹ́ tí kò pé ọjọ́ kì í wà lára àwọn tí ó tọ́ sí. Ẹ béèrè méjèèjì ní ẹ̀ka tí ó ń bójú tó o, kí wọ́n fi ìdáhùn sínú ìwé, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ kún ìṣirò tí ẹ ó gbé lọ síwájú àwọn òbí yín.